Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn àti Ìwé Àwọn Ará Feníkè: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Kan nínú Ìwé Ìtàn Johnson

Nínú gbogbo ìwé tí a ti kọ nípa ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, kò sí èyí tí a ń gbé ara lé tó ìwé Àlùfáà Samuel Johnson, olùṣọ́-àgùntàn Ìjọ ní Ọ̀yọ́. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897. Ìwé tí ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba sọnù. Òun tìkára rẹ̀ sì sùn nínú Olúwa ní 1901, kí arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un tò, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà tí kò dúpẹ́, aláìmoore ni. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kò ní kí a má yẹ ọ̀rọ̀ wò. Johnson pàápàá kò gba ìtàn tí ó sọ pé Mẹ́kà ni a ti wá gbọ́ láì wádìí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ̀ ọ́. Bí òun ti ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́ kí àwa pẹ̀lú ṣe sí tirẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ nípa orírun wa, ó gbà pé apá òkè ilẹ̀ Égíptì ni àwọn baba wa ti wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ó fi àwọn iṣẹ́ ọnà olókùúta ti Ifẹ̀ ṣe ẹ̀rí, ó sì wí pé àwọn àmì tí ó wà lára Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn jọ ìwé àwọn ará Feníkè, èyíinì ni àwọn ará Tírè àti Sídónì tí a ń kà nípa wọn nínú Ìwé Mímọ́. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ṣùgbọ́n ó ti bí ọmọ púpọ̀. A ti gbọ́ ọ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé àwọn baba wa ní ìwé rí, wọ́n sì sọ ọ́ nù. Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan bi wá léèrè pé, “Bàbá, bí wọ́n bá mọ ìwé kọ rí, ta ni ó gbà á lọ́wọ́ wọn? Kí ni kí n wí fún àwọn ọmọ?” Ìbéèrè rẹ̀ wúwo, nítorí ohun tí a bá fi kọ́ ọmọ ní kíláásì ni yóò fi bá àwọn ẹlòmíràn jiyàn nígbà tí ó bá dàgbà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òtítọ́, ẹ jẹ́ kí a dì í mú. Bí kò bá sì jẹ́ òtítọ́, kò yẹ kí a fi ojú ọmọ ọlọ́mọ gbolẹ̀.

Kí a tó lè dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìwé kíkọ jẹ́. Kì í ṣe gbogbo àmì ni ìwé. Bí a bá fa ilà sára ògiri láti ka iye iṣu, àmì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé. Ilà ojú ń sọ ìdílé ẹni, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ń ka ojú bí ẹni ń ka Sáàmù. Ìwé bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àmì bá dúró fún ohùn tí ń jáde lẹ́nu, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a kọ ọ́, bí ó bá ṣáà gbọ́ èdè náà, yóò lè pe ọ̀rọ̀ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ti rò ó.

Ní ìlú Úrúkù, ní ilẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Bábílónì lẹ́yìn ìgbà náà, ní nǹkan bí 3300 ọdún ṣáájú ìbí Olúwa wa, àwọn akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìfefe tẹ àmì sára wàláà amọ̀ tútù. Kì í ṣe orin, kì í ṣe ìtàn ọba ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Ìṣírò ni: ọkà báálì báyìí, àgùntàn báyìí, ọtí báyìí. Àwòrán orí màlúù dúró fún màlúù, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn yóò ṣe ya àwòrán ohun tí kò ní ara, gẹ́gẹ́ bí ìyè? Nínú èdè àwọn ará Súmérì, ohùn kan náà, *ti*, ni wọ́n fi ń pe ọfà tí wọ́n sì fi ń pe ìyè. Nítorí náà wọ́n ya ọfà, wọ́n sì kà á sí ìyè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ní Égíptì: àwòrán pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fi ń kọ “ọmọkùnrin”, nítorí pé ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ara wọn mu. Ó dà bí ẹni pé àwa fẹ́ kọ “igba” tí í ṣe òǹkà, tí a sì ya igbá tí a fi ń bu omi. Ní ọjọ́ tí ẹnì kan kọ́kọ́ ṣe èyí, àwòrán di ìwé.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ohun ìní tiwa, kí ni a ó rí? A ó rí ohun tí ó yà wá lẹ́nu. Àwọn odù Ifá, 256 ní iye, ní àmì tí babaláwo ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn. Àmì kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ odù nìkan ni àmì náà ń rán an létí. Ẹsẹ̀ tí yóò kì, inú rẹ̀ ni ó wà, kò sí nínú ìyẹ̀rosùn. Àrokò ni ó súnmọ́ ìwé jùlọ. Láàrin àwọn Ìjẹ̀bú, bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tí ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí a rán an sí mọ ohun tí ó wí: ẹ̀fà ni, nítorí náà ọkàn mi fà sí ọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe owó ni ó fi ránṣẹ́, kì í sì í ṣe òǹkà, ohùn ni. Ohun tí ará Súmérì fi ọfà ṣe, òun náà ni ará Ìjẹ̀bú fi owó ẹyọ ṣe. Àwọn baba wa dé ẹnu ọ̀nà ìwé kíkọ, ọwọ́ wọn sì wà lára ilẹ̀kùn. Wọn kò wọlé, nítorí pé àrokò mọ níwọ̀n ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí àwọn méjì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. A kò lè fi kọ gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ rí. Ẹni tí ó bá wí pé ìwé pátápátá ni àrokò, ó ti kọjá ààlà. Ẹni tí ó bá sì wí pé a kò ní nǹkan kan, òun náà ti ṣì í.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn ará Feníkè, nítorí àwọn ni a fi jẹ́rìí. Láti ibo ni àwọn ti rí ìwé tiwọn? Ní 1905, Flinders Petrie ń wa ilẹ̀ ní Serabit el-Khadim, lórí òkè kan ní aginjù Sínáì, níbi tí àwọn Fáráò ti máa ń rán ènìyàn lọ wa òkúta iyebíye aláwọ̀ sánmọ̀. Ó rí àwọn àmì kan níbẹ̀ tí ó jọ àwòrán-ìwé Égíptì, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun, nítorí pé irú wọn kéré níye. Ní 1916, Alan Gardiner rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lára ère kékeré kan tí ó ní ara kìnnìún àti orí ènìyàn. Ìwé Égíptì wà lára rẹ̀, tí ó dárúkọ abo-òrìṣà Hathor. Àwọn àmì àjèjì náà sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Gardiner ṣàkíyèsí pé àmì mẹ́rin kan ń padà wá léraléra: ilé, ojú, ọ̀pá, àti àmì kan tí ó rí bí àgbélébùú. Bí a bá fi ohùn àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn ní èdè àwọn ará Kénáánì pè wọ́n, wọ́n di *Baalat*, “Ìyá Olúwa”, èyí tí í ṣe orúkọ tí àwọn ará Kénáánì fi ń pe abo-òrìṣà yẹn gan-an.

Ọgbọ́n náà rọrùn. Yan ohun kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ya àwòrán rẹ̀. Ohùn tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ nìkan ni kí o mú, kí o sì ju ìyókù nù. Màlúù ni *alef*, ilé ni *bet*, omi ni *mem*, ojú ni *ayin*, orí ni *resh*. Égíptì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àmì, a sì ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wọn. Àwọn wọ̀nyí kò tó 30. Ẹni tí ó bá dorí lẹ́tà A kodò yóò rí orí màlúù àti ìwo rẹ̀ méjèèjì títí di òní.

Ta ni ó ṣe é? Àwọn ọ̀mọ̀wé kò fi ohùn ṣọ̀kan. Orly Goldwasser gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ ará Kénáánì tí kò mọ ìwé Égíptì kà ni: wọ́n ń wo àwòrán láìmọ ìtumọ̀ wọn, wọ́n sì fún wọn ní ìtumọ̀ tuntun. Anson Rainey kò gbà. Lójú rẹ̀, iṣẹ́ ẹni tí ó mọ ìwé ni. Àwa kò ní dá sí àríyànjiyàn wọn ju báyìí lọ: yálà ẹni náà mọ Égíptì kà tàbí kò mọ̀ ọ́n kà, ọ̀dọ̀ Égíptì ni ó ti yá àwòrán, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fún un ní ohùn. Kò sì pẹ́ tí ìwé náà fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn lásán. Ní Lákíṣì, ìlú tí Jóṣúà ṣẹ́gun, a rí ìyàrí kan tí a fi eyín erin ṣe, tí a sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 2022. Àwọn tí ó kà á fi í sí nǹkan bí 1700 ọdún ṣáájú ìbí Olúwa. Ọ̀rọ̀ méje, lẹ́tà 17, ni ó wà lára rẹ̀, àdúrà sì ni: kí ìyàrí náà fa iná orí tu kúrò nínú irun àti irùngbọ̀n. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n a lè kà á.

Láti inú ìdílé yìí ni ìwé Feníkè ti jáde, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 22. A rí i ní nǹkan bí 1000 ọdún ṣáájú ìbí Olúwa lára pósí òkúta Ahirámù ọba Gébálì, tí a hú jáde ní 1923. Irú rẹ̀ kan náà ni Mẹ́ṣà ọba Móábù fi kọ ìṣẹ́gun rẹ̀ sára òkúta tí a rí ní 1868, òun náà sì ni a fi kọ ìròyìn iṣẹ́ àwọn tí ó gbẹ́ ọ̀nà omi Sìlóámù nígbà Hesekáyà. Ẹ kíyèsí i: a mọ gbogbo lẹ́tà yìí, 22, ọ̀kọ̀ọ̀kan, a mọ bí wọ́n ti rí láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún.

Òṣùwọ̀n ti wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a gbé Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ka orí rẹ̀. Òkúta gíga ni, tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 18. Ohun tí ó hàn jùlọ lára rẹ̀ ni ìṣó irin tí a kàn mọ́ ọn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí wọ́n to ara wọn bí ọ̀pá tí ó yà sí ẹ̀ka mẹ́ta. Iṣẹ́ ọwọ́ ọlọ́gbọ́n ni, kò sì sí àní-àní pé ó ní ìtumọ̀ lójú àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta ni a ní láti bi í.

Èkíní: ǹjẹ́ àmì ibẹ̀ ń padà wá ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí lẹ́tà ti ń ṣe? Rárá. Ìṣó kan jọ èkejì rẹ̀; ìlà ni wọ́n tò, wọn kò to ọ̀rọ̀. Ìkejì: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀, ní èdè Feníkè tàbí ní èdè mìíràn? Rárá. Pé àmì kan jọ lẹ́tà kan kò tó. Bí a bá fi ọ̀bẹ ha igi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a ó rí ohun kan tí ó jọ lẹ́tà. Gardiner kò fi ìjọra ṣe ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé kà ni ó fi ṣe é.

Ìkẹta: ǹjẹ́ ìwé náà ní ará ní àyíká rẹ̀? Ìwé kì í dá gbé. Níbi tí àwọn ará Feníkè bá dé, ní Kípírù, ní Málítà, ní Sardinia, ní Kátájì, a rí ìwé wọn lára òkúta ibojì, lára ìkòkò, lára owó. Níbi tí wọ́n ti kan àwọn ará Áfíríkà mìíràn lára, a rí i pẹ̀lú: ní Dougga, ní ilẹ̀ Tùnísíà, òkúta kan wà tí ó ní èdè Kátájì ní apá kan àti èdè àwọn ará Líbíà ní apá kejì. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀ ti hú orí amọ̀, orí idẹ, ìkòkò àti ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́. Lẹ́tà Feníkè kan kò sí lára wọn. Ọjọ́ wọn kò sì bá ara wọn mu: Róòmù pa Kátájì run ní 146 ṣáájú ìbí Olúwa, àwọn iṣẹ́ idẹ Ifẹ̀ sì jẹ́ ti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ láàrin wọn.

Ìdájọ́ wa nìyí: kò sí ìwé Feníkè lára Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Kò tọ́ kí olùkọ́ fi kọ́ ọmọ pé ó wà níbẹ̀.

Kí ni ó wá mú kí ẹni tí ó gbọ́n tó Johnson kọ ọ̀rọ̀ yìí? A kò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ó kọ̀wé, Petrie kò tíì dé Serabit, a kò sì tíì hú orí idẹ Wúnmọníjẹ̀ jáde, èyí tí a rí ní 1938. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà sì gbà pé ẹ̀yà tí kò ní ìwé kò ní ìtàn. Johnson fẹ́ràn àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó fẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún wọn. Ó sì wá ìwé fún wọn níbi tí kò sí. Àlùfáà àgbà J. Olumide Lucas rìn jìnnà ju èyí lọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1948, níbi tí ó ti ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá wé ọ̀rọ̀ Égíptì. Ọ̀nà kan náà ni, àṣìṣe kan náà sì ni: ìjọra ni a fi ṣe ìbátan. Àwọn tí ó mọ ẹ̀kọ́ nípa èdè lónìí ti rí i pé ìdílé èdè ọ̀tọ̀ ni Yorùbá, ìdílé ọ̀tọ̀ sì ni Égíptì.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn wá jù ni pé oore tí Johnson rò pé òun ń ṣe yí padà di ìpalára. Ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí àwọn orí tí ó dára, ó sì wí pé kò lè jẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó ṣe wọ́n. Ó fi wọ́n fún àwọn ará Gíríìsì. Ẹni tí ó bá fi Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn fún àwọn ará Feníkè, báwo ni yóò ṣe dá Frobenius lóhùn? Ẹni tí ó gbé ìyìn baba rẹ̀ fún àlejò kò lè bínú bí àlejò bá gbé e lọ.

Ní ti ìtìjú, a kò rí ibi tí ó wà. Àwọn tí ó dá ìwé sílẹ̀ fúnra wọn láyé ọjọ́un kò pọ̀: Súmérì, Égíptì, Ṣáínà, àti àwọn ará àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Àwọn ìyókù yá a ni. Àwọn Hébérù yá a, Gíríìsì yá a, Róòmù yá a, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì yá a lọ́wọ́ Róòmù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wí pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kò lè dá ìwé sílẹ̀, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn Vai ní Làìbéríà, níbi tí Momolu Duwalu Bukele ti ṣe àmì fún ohùn èdè wọn ní nǹkan bí 1833. Ní 1849, Koelle, òjíṣẹ́ Ẹgbẹ́ C.M.S., tọ̀ wọ́n lọ láti fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni kí a máa béèrè, bí kò ṣe ohun tí ẹni tí ó yá a fi ṣe. Ìwé Feníkè kò ní àmì fún fáwẹ̀lì. Èdè wọn lè gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Gíríìsì yá a ní nǹkan bí 800 ọdún ṣáájú ìbí Olúwa, wọ́n rí i pé kò tó èdè tiwọn. Wọ́n mú àwọn lẹ́tà tí wọn kò ní ohùn rẹ̀, orí màlúù àti ojú àti àwọn mìíràn, wọ́n sì fi wọ́n ṣe A àti O àti ẹgbẹ́ wọn. Wọn kò wí pé, “Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè wa yóò mọ̀ ọ́n.” Wọ́n tún un ṣe kí ó bá ẹnu wọn mu.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa nínú Ìjọ ṣe. Láti ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 títí dé ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875, wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹ̀ àti ẹ́, ọ̀ àti ó, s àti ṣ. Wọ́n fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, wọ́n sì fi àmì sórí rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé igba, igbá, ìgbà àti igbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan. Lónìí ńkọ́? A ń tẹ ìwé ìpè, ìwé orin àti ìwé ìsìn láìsí àmì kankan, a sì ń wí pé ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n. Èyí ni ohun tí Gíríìsì kọ̀ láti wí. Àwa ń wá lẹ́tà tí kò sí lára òkúta Ifẹ̀, a sì ń ju àmì tí ó wà lọ́wọ́ wa nù.

Èsì tí a fún ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ náà nìyí. Wí fún àwọn ọmọ pé kò sí ẹni tí ó gba ìwé lọ́wọ́ àwọn baba wọn. Fi owó ẹyọ mẹ́fà hàn wọ́n, kí wọ́n mọ ibi tí ọgbọ́n àwọn baba wọn dé. Lẹ́yìn náà, gbé ẹfun, kọ igba sára pátákó ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o má sì jẹ́ kí wọ́n jáde títí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò fi fi àmì sí i bí ó ti yẹ.